Ta Ló Pa Eustache ní Yoko?

Igi ni wọ́n fi lu Eustache pa ní Yoko, ní ọ̀sán gangan, lójú àwọn tó ti ń gbà á lálejò láti ọdún mọ́kànlá. Wọ́n fọ́ agbárí rẹ̀, wọ́n dáná sun alùpùpù rẹ̀. Kí ló ṣe? Ó kán oògùn àjẹsára lúkúlúkú, àrùn tó ń run adìẹ, sójú adìẹ wọn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí kú bẹẹrẹ.

"Májèlé lo kán sí wọn lójú!" Fádèyí, ará Yoko kan, ló kọ́kọ́ pariwo bẹ́ẹ̀. Ọgọ́rin adìẹ ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́. N kò dá a láre. Kí wọ́n mú gbogbo ẹni tó gbé igi.

Ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n pa? Ẹni tó ń fi omi ọṣẹ fọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kó má baà gbé àrùn ilé kan wọ èkejì. Àwọn obìnrin Yoko a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọkọ adìẹ dé o!" Òun náà á rẹ́rìn-ín. Èmi tí a jọ ń kán oògùn fẹ́ràn rẹ̀.

Kí wọ́n tó pa á, òun ló kọ́kọ́ rí i ní Issaba pé adìẹ tó gba oògùn náà ń kú. Ó gba itọ́ ọ̀fun wọn sínú ìgò, ó fi í sínú àpótí yìnyín, ó gbé e lọ bá ọ̀gá wa ní bírò ẹran ọ̀sìn tí a ti ń ṣiṣẹ́.

"Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí lábó tí wọ́n ti ń yẹ àrùn wò ní Kútọnu, kí wọ́n wo ìran tí kòkòrò yìí ti wá. Bí oògùn wa ò bá ran án, ẹ jẹ́ ká dá a dúró."

Àlejò ńlá dé bírò lọ́jọ́ náà. Sabine, ìyàwó Eustache, wà níbẹ̀, wọ́n pè é wá se oúnjẹ. Ó ní: "Ojú mi ló ṣe! Wọ́n kó yìnyín inú àpótí rẹ̀ sórí bíà wọn, wọ́n da ìgò ọkọ mi sínú oòrùn."

Eustache gba itọ́ mìíràn, ó gbé e lọ sí lábó Kútọnu fúnra rẹ̀. Ó bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n dúró de èsì. Ọ̀gá ní, "Lọ kán an ní Yoko, àbí kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀." Ó lọ. Ta ló wá pa á?

Èsì dé lẹ́yìn ìsìnkú: ìran mìíràn ni kòkòrò náà, oògùn wa kò ká a. Ọ̀gá kankan láti bírò kò yọjú síbi òkú. Ìwé ni wọ́n kọ, pé ìjàm̀bá alùpùpù ló pa á. Sabine bi mí pé, "Alùpùpù wo ló ń gbé igi?"

Ẹ fa ìwé irọ́ yẹn ya! Kí ọ̀gá náà wá sí Yoko, kó dúró níwájú Sabine àti Fádèyí, kó ka èsì yẹn sókè, kó tó lọ jẹ́jọ́ níwájú adájọ́. Kó wá lónìí, nítorí wọ́n ti rán Martial, ẹlẹgbẹ́ wa, lọ sí Igana láàárọ̀ yìí, oògùn kan náà ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.