Ìwé Ìlù Tí Mo Fi Ẹsẹ̀ Kọ

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Dallas fẹ́ gba ọkọ mi síṣẹ́, kí ó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní bàtá lílù. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: kí ó kọ ohun tí yóò máa fi kọ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sílẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé.

Láti kékeré ló ti ń lu bàtá. Kí a tó kúrò nílé, àwọn onílù àgbà ló ń wá a wá. Níhìn-ín, ẹrù ló ń gbé ní pápákọ̀ òfurufú, èjìká rẹ̀ sì ti ń dùn ún. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ yìí bọ́ sí i lọ́wọ́. Èmi ni mo mú bírò.

"Ẹ lu ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́."

Ó lù ú. Mo kọ ọ́ bó ṣe dún létí mi. Mo ní kí ó tún un lù kí n fi yẹ ìwé wò. Ó lu nǹkan mìíràn.

"Èyí kọ́ lẹ kọ́kọ́ lù."

"Òun náà ni."

"Òun kọ́. Mo kọ ọ́ síbí."

"Ìyàwó, bírò rẹ ló ń purọ́."

Ìgbà mẹ́rin ló lù ú, ọ̀nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo fi fóònù gbà á sílẹ̀. Ó tẹ́tí sí i, ó ní ẹni tó lu ìyẹn kò mọ̀lù. Ó kù díẹ̀ kí n fi ìwé náà gbá a lórí.

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Jó. Ta ló ń dá bàtá lù? Ẹsẹ̀ oníjó ni mo ń wò."

Èmi tí n kì í jó ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá! Mo dìde. Lóòótọ́, bí mo bá gbẹ́sẹ̀ bákan náà, bákan náà ló ń lù. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń jó, n kò lè kọ̀wé. Bí mo bá jókòó, ó dákẹ́. Ẹni tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà lábẹ́ wa.

"O gbọ́?" ọkọ mi ní. "Ìyẹn mọ ìlù jù ọ́ lọ."

Mo pa ìlù tì, mo kọ ohun tí ẹsẹ̀ mi ṣe: ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, òsì lẹ́ẹ̀kan, dúró, yí padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá gbáko. Mo fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀.

Wọ́n pè wá. Ọ̀gá wọn obìnrin ní òun kò rí ìlù nínú ìwé náà, ijó nìkan ni òun rí. Ọkọ mi ṣẹ́jú sí mi. Mo jó ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ọ́fíìsì yẹn, tèmi taṣọ ọsibítù tí mo ti ibi iṣẹ́ wọ̀ wá lọ́rùn, ó ń lù tẹ̀lé mi. Obìnrin náà ń fi ìka tọ ìwé, kò rí àṣìṣe kan.

Wọ́n gbà á. Lẹ́tà wọn ní kí àwa méjèèjì máa bọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo fi ń sinmi.

"Kí ló dé tí o lejú?" ọkọ mi ní. "Àbí ìwọ kọ́ lo kọ ọ́?"