Fèrè Tí Bàbá Mi Kò Fọn

Òórùn rọ́bà jíjó ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Ọyẹ́ ti mú gbogbo Tchaourou, ìlú wa. Bàbá mi na gbalaja sínú báṣé rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Orí rẹ̀ wà lábẹ́ ìdarí tí awakọ̀ ń dì mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà níta. Ó ń fi iná àtùpà jó rọ́bà kúrò lẹ́nu wáyà fèrè ọkọ̀. Èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo di àtùpà mú.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí pé nígbà ìjọba ológun tí wọ́n pè ní Révolution, kámárádì, ẹgbẹ́ ọgba, ni gbogbo wa, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí kò bá ní ẹ̀gbà bàbà lọ́wọ́ kì í rí kámárádì tó máa bá a ṣeré ní oko iléèwé. Iṣẹ́ mi ni láti gbá inú ọkọ̀ bàbá mi ní gbogbo Sátidé, kí n kó erùpẹ̀ iṣu jáde. Ibẹ̀ ni mo ti rí wáyà pupa kan tó rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ìdarí. Mo fi abẹ tí mo fi ń gbẹ́ kíréyọ̀nù gé lára rẹ̀, mo bó rọ́bà rẹ̀, mo lọ́ bàbà inú rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ mi. Inú mi dùn gan-an lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Tonton Rafíù, ọ̀rẹ́ bàbá mi, kú. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni òun àti bàbá mi ti jọ ń wakọ̀ láti Kika dé Parakou, ṣùgbọ́n wọ́n ti jà lọ́sẹ̀ yẹn lórí ẹni tó kàn láti kó èrò. Àṣà àwọn awakọ̀ wa ni pé bí wọ́n bá ń gbé ọ̀kan nínú wọn lọ sin, gbogbo ọkọ̀ á tò sẹ́bàá títì, wọ́n á fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta fún un. Bí wọ́n ti ń gbé Tonton Rafíù kọjá, gbogbo wọn fọn. Bàbá mi tẹ tirẹ̀, kò dún. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó gbá a. Mo jókòó tì í, mo fi ọwọ́ bo ẹ̀gbà mi.

Tata Sáfì, ìyàwó olóògbé, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó ṣí ìbòrí kúrò lójú, ó fi orúkọ mi pe bàbá mi, ó ní, "Papa Kolẹ́tì, ìjà lẹ fi sin ọ̀rẹ́ yín." Láti ọjọ́ yẹn, kò dáhùn ìkíni bàbá mi mọ́, àwọn awakọ̀ náà sì ń yẹra fún un. Bàbá mi kò lè jẹun dáadáa. Èmi náà kò lè jẹun.

Ọjọ́ kẹta ìsìnkú, nígbà tí oòrùn kan àtàrí, fèrè ọkọ̀ náà dún nínú ọgbà wa. Kò sẹ́ni nínú ọkọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wà ní títì. Àwọn àgùtàn sá, ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ màmá mi. Ó dún títí, ó dákẹ́ fúnra rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó tún dún. Àwọn tó ń pọnmi yà kúrò lọ́nà ilé wa. Délégué, aṣojú ìjọba ládùúgbò wa, wá kìlọ̀ pé òkú kì í fọn fèrè, pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń fa Révolution sẹ́yìn. Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ló ń fẹ̀yìn rìn jáde. Màmá mi ní ẹni bá ṣe ohun tẹ́nìkan ò ṣe rí, ojú rẹ̀ á rí ohun tẹ́nìkan ò rí rí. Bàbá mi ló ń bá wí, ṣùgbọ́n èmi ló bá.

Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi dìde sí iṣẹ́ náà ní àárọ̀ ọlọ́yẹ́ yẹn. Ó kọ́kọ́ tú bátìrì, ó gbé e sílẹ̀ nídìí igi ọsàn. Lẹ́yìn náà ló fa wáyà tó rò pé eku ti jẹ jáde, ó wo ẹnu rẹ̀ pẹ́, ó sì wo ọwọ́ mi.

"Eku kì í lo abẹ, Kolẹ́tì."

Mo bọ́ ẹ̀gbà náà, mo fi lé e lọ́wọ́. Kò nà mí. Ó tọ́ ọ gbọọrọ, ó jó rọ́bà kúrò lẹ́nu wáyà méjèèjì tí yóò so ó mọ́. Kó tó so ó, fèrè ké. Ó dún kúkurú lẹ́ẹ̀mejì, ó wá dún gígùn lẹ́ẹ̀kan, bí Tonton Rafíù ṣe máa ń fọn tirẹ̀ bó bá ń kọjá nílé wa. Àwa méjèèjì wo bátìrì. Ó wà nídìí igi, kò sí nǹkan kan tó so ó mọ́ ọkọ̀.

Bàbá mi mí kanlẹ̀. "Má sọ fún màmá ẹ," ló wí. Ó so wáyà náà, ó fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ wé e, ó dá bátìrì padà.

Ó gbé mi lọ tààrà sílé Tata Sáfì. Lọ́nà, ó ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, kí tèmi má ṣe jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú Tata Sáfì. "Tata, èmi ni mo gé wáyà fèrè bàbá mi." Ó di ọwọ́ mi mú, ó fi àtàǹpàkò nu àmì tí bàbà fi síbẹ̀, kò lọ. Níta, bàbá mi fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Tata Sáfì sunkún díẹ̀, ó ní kí Papa Kolẹ́tì wọlé wá mumi.

Olùkọ́ físíìkì ni mí lónìí. Mo lè ya fèrè náà sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi: wáyà tí mo gé ń fì, oòrùn ọ̀sán mú irin wú, ẹnu wáyà kan irin, fèrè dún. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín sí délégué. Ti àárọ̀ tí bátìrì wà nílẹ̀, n kò mọ bí mo ṣe máa yà á. Bàbá mi ti kú, kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ títí ó fi lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe; èmi tí mo ti hewú, n kò tíì lè dúró níwájú àwọn ọmọ yẹn kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo gbọ́.