Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Lára Ògiri

Tí mo bá na ọwọ́ pa àpótí ẹrù tó wà lókè orí àwọn èrò inú bàálù dé, tó sì dún gbàù, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ màmá mi l'Ọ́gbà ni ọkàn mi máa ń lọ.

Ọ̀sán gangan ni. Òórùn aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ gba inú ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí Ṣadé, àbúrò màmá mi, fẹ́ lọ dánwò iṣẹ́ inú bàálù lọ́jọ́ kejì. Màmá mi fi téèpù wọn ibi tí ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kàn, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri. Àǹtí nà títí, gìgísẹ̀ nílẹ̀. Ó ku ìwọ̀n ìka méjì. Omijé lé sójú wọn, wọ́n jáde lọ bọ́jú.

Mo gun àga, mo fi itọ́ pa ìlà náà rẹ́, mo fa òmíràn sísàlẹ̀.

Nígbà tí Àǹtí padà dé, ọwọ́ wọn kàn án. Wọ́n wo ògiri tó ṣì tutù, wọ́n wò mí, wọ́n bá gbé mi jó.

"Ẹ wò ó, mo ti ga o!"

Wọn ò ríṣẹ́ náà.

Nígbà tó kàn mí láti lọ dánwò náà, Àǹtí ni wọ́n fa ìlà tèmi. Ibi ìdánwò, nígbà tí ọwọ́ mi kọjá ìlà tibẹ̀ dáadáa, ni mo ti mọ̀ pé wọ́n fà á ga ju bó ṣe yẹ lọ.