Koríko Orí Ebè

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣakí, ilé-ìwé aládàáni ni mo ń lọ. Bàtà dúdú tó ń dán, ìbọ̀sẹ̀ funfun, kúlà omi lọ́rùn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ò lè gbàgbé kúlà yẹn. Ẹni tó bá sọ Yorùbá níbẹ̀, ìkúnlẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan, ìyá bàbá mi ra wàrà bọ̀ fún mi láti Àgó-Àmọ̀dù. Wọ́n bi mí nípa ilé-ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi dá wọn lóhùn. Wọ́n kọjú sí bàbá mi: "Kí lọmọ mi wí?" Ojú ti bàbá mi, òṣìṣẹ́ káńsù. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé lẹ́yìn ọdún, ilé-ìwé ìjọba ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n mú mi lọ.

Màmá mi fárígá. "Bàbá Bọ́lá, wọ́n á ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín o!" Bàbá mi ní kí n gbìyànjú tẹ́ẹ̀mù kan péré, tí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, àwọn á dá mi padà. Mo sì ti pinnu pé kò ní tẹ́ mi lọ́rùn.

Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, a lọ sóko ilé-ìwé. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti gbin iṣu síbẹ̀. Tíṣà ní kí n ṣa ọ̀rá kúrò nínú oko. Èmi ọmọ ìmọ́tótó, mo rí koríko gbígbẹ lórí ebè, ni mo bá kó gbogbo rẹ̀ dànù, mo fọwọ́ tún orí ebè ṣe títí ó fi ń dán. Mo wá dúró, mò ń retí ìyìn.

"Yéè! Bọ́lá ti ṣí iṣu lórí sóòrùn!" Sìkírá, ọmọ àgbẹ̀ tí a jọ ń jókòó, ló pariwo. Wọ́n fi koríko yẹn bo iṣu kí oòrùn má baà sè é ni. Tíṣà ní kí n kúnlẹ̀, kí n nawọ́ sókè. Mo sunkún gan-an, mo sì ń ro bí n ó ṣe padà sílé-ìwé mi àtijọ́. Àmọ́ kí n tó dìde, Sìkírá ti kó gbogbo kíláàsì lọ já koríko tuntun, a sì jọ bo ebè náà. Wọ́n sọ mí ní Afárí-iṣu. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìyá bàbá mi tún wá, mo fi Yorùbá ròyìn rẹ̀ fún wọn látòkèdélẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi já bọ́. Tẹ́ẹ̀mù parí, bàbá mi bi mí bóyá kí àwọn dá mi padà.

"Ẹ dúró ná," mo ní, "iṣu wa ò tíì ta."

Lónìí, ṣọ́ọ̀bù ti gba oko yẹn. Èmi àti ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìsẹ́yìn, a sì mú Àníkẹ́, ọmọ wa, kúrò nílé-ìwé aládàáni lọ sílé-ìwé ìjọba. Bẹ́ǹṣì ò tó, a ní kí káfíńtà kan ṣe méjì sí i. Àwọn aládùúgbò ń rọra béèrè bóyá kò sí nǹkan. Àníkẹ́ náà sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní kó gbìyànjú tẹ́ẹ̀mù kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí wọ́n gba ìsinmi, mo bi í bóyá ká dá a padà.

"Mọ́mì, èmi ni wọ́n ní kó máa lu aago tí a bá wọlé. Tí mo bá lọ, ta ló máa lù ú?"