Bí Mo Ṣe Tú Ọwọ́ Pọ́ìntì Bàbá Mi

Bàbá mi fi ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ ṣiṣẹ́ rélùwéè lókè Ọya, ní ìlú kan tí ojú irin mẹ́ta ti pàdé. Kì í ṣe òun ló ń wa ọkọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó dúró níbi tí ojú irin ti ya sí méjì, kó fa ọwọ́ irin gígùn kan, kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lè gba ibi tó yẹ kó gbà. Pọ́ìntì ni wọ́n ń pe ibi ìyapa náà. Àwa ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ kò mọ ọkọ̀ ojú irin, nítorí kò sí ojú irin kankan ní gbogbo Èkìtì, láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Òmùò. Ohun tí a mọ̀ kò ju pé bàbá máa ń wálé lọ́dún Kérésì pẹ̀lú àpò àlùbọ́sà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ a sì le bí èèpo igi.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó padà sílé, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó gbìyànjú oko kòkó, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ìlú òyìnbó bi í lórí fóònù pé kí ni òun lè rà fún un. Ó ní ọkọ̀ ojú irin ni. A rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ rí lọ́dọ̀ ọ̀gá òun kan, kékeré, tó ń sáré lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi wá a rí, ó sì fi í ránṣẹ́ nínú páálí mẹ́ta: orí ọkọ̀ tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò máa fà, ojú irin tí kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ, àti pọ́ìntì mẹ́fà.

Yàrá tí àwa ọmọ ń sùn sí tẹ́lẹ̀ ni bàbá kan tábìlì rẹ̀ sí, ó fẹ̀ bí ibùsùn méjì. Ìwé tó wà nínú páálí ní kí a máa fi ìka ti pọ́ìntì sọ́tùn-ún sósì. Bàbá ní eré ọmọdé nìyẹn. Ó gbẹ́ ọwọ́ mẹ́fà láti ara igi ọmọ̀, ó to wọ́n sí etí tábìlì, ó sì fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ pọ́ìntì tirẹ̀ lábẹ́ pákó. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ ló fi wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Tí ẹlòmíràn bá dì wọ́n mú, kì í bá a lára mu. Lójoojúmọ́, tó bá ti gbọ́ ìròyìn aago mẹ́rin lórí rédíò tán, á wọ yàrá náà lọ. Ìyá mi a sì sọ pé ọkọ òun ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, bó ṣe ń de okùn bàtà rẹ̀ láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú. Ọ̀rọ̀ wá wúwo lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo Hausa tó ti sọ lọ́jọ́ ayé rẹ̀, àti Yorùbá tó ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló bá àìsàn náà lọ. Èdè Ìkẹ́rẹ́ tó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù. Ó di pé ó ń pe ilé ní ulé, ó ń pe iṣu ní uṣu, àní níwájú dókítà.

Èmi ni ọmọ tó ń gbé nítòsí àwọn òbí wa jù. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní físíìsì ní Ìsẹ̀, mo sì máa ń padà sí Ìkẹ́rẹ́ lọ́sàn-án. Mo máa ń ti bàbá wọ yàrá náà lórí àga onítáyà rẹ̀, màá tan ọkọ̀ náà fún un, á sì máa yí po lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, nítorí kò sẹ́ni tó ń fa pọ́ìntì. Mo ní kí n máa bá a fà á. Ó mi orí pé rárá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà nínú ilé ìdáná pẹ̀lú ìyá mi nígbà tí a gbọ́ ìró nǹkan tó ṣubú. Bàbá ti na ọwọ́ òsì kọjá ara rẹ̀ láti fa ọwọ́ pọ́ìntì kejì, àga sì ti dà á sílẹ̀. Èmi àti ìyá mi gbé e dìde. Kò fara pa, ṣùgbọ́n ó ń sunkún. N kò rí i kó sunkún rí láyé mi.

Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé iná mànàmáná ni yóò máa yí pọ́ìntì náà fún un. Mo mọ bí a ti lè ṣe é. Nínú ẹ̀rọ tí a fi ń wo fídíò lórí sídì, ẹ́ńjìnnì kékeré kan wà tó máa ń ti abala kan lọ síwá sẹ́yìn. Tí a bá kan irú rẹ̀ mọ́ abẹ́ pákó, tí a fi wáyà líle kan gba inú ihò kọjá síbi pọ́ìntì, bí ẹ́ńjìnnì bá ti yí, pọ́ìntì náà á sún. Bọ́tìnnì ni èèyàn kàn máa tẹ̀. Mo lọ sí Èmùré lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe, mo sì tú mẹ́fà lára àwọn ẹ̀rọ tó ti kú ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ìyá mi bi mí bóyá mo ti sọ fún bàbá. Mo ní rárá, mo fẹ́ kó bá a lójijì ni, kí inú rẹ̀ dùn.

Ó ní, “Bi í ná. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kò yé e ni. N kò bi í.

Nígbà tí wọ́n dá bàbá dúró sí ilé ìwòsàn kan ní Adó fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n lè máa bá a na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kú, àyè gbà mí. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ilé ìwé dé, abẹ́ tábìlì ni mò ń dùbúlẹ̀ sí. Mo so ẹ́ńjìnnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo fa wáyà wọn lọ síbi bátìrì, mo sì to bọ́tìnnì mẹ́fà sórí pátákó pẹlẹbẹ kan tí yóò lè máa gbé lé itan. Àwọn ọwọ́ igi náà dí mi lọ́nà. Mo tú wọn, mo gé sípóòkù wọn, mo sì kó wọn jọ pẹ̀lú àjákù pákó sẹ́yìn ilé ìdáná. Inú mi ń dùn. Mò ń kọrin bí mo ti ń ṣe é.

Bàbá padà dé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá bá wa yọ̀ lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin dáná lẹ́yìnkùlé, a jẹun, a gbàdúrà. Lọ́jọ́ kẹta ni mo tì í wọ yàrá náà. Mo gbé pátákó náà lé e nítan, mo ní kó tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́. Ó fi ìka òsì tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì kùn lábẹ́ pákó, pọ́ìntì sún, ọkọ̀ náà yà sí ojú ọ̀nà inú. Ìyá mi pàtẹ́wọ́. Bàbá tẹ ìkejì, ó tẹ ìkẹta. Lẹ́yìn náà ló wo etí tábìlì, ó wò ó pẹ́.

Ó ní, “Ọwọ́ mi dà?”

Mo rò pé àìsàn ló ń sọ ọ́. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ti kú náà, mo tẹ́ ẹ lé e nítan, mo ní, “Ọwọ́ yín rèé, Bàbá.”

Ó fi ọwọ́ òsì gbé e kúrò. Ó nawọ́ sí àwọn ihò mẹ́fà tó wà létí tábìlì.

“Ọwọ́ mi,” ló tún wí. “Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.”

Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Kò sí pákó kankan níbẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin tó dáná ti lò wọ́n tán, ta ni ìbá sì sọ fún wọn pé kì í ṣe igi ìdáná? Nínú eérú ni mo ti rí àwọn nọ́ọ̀tì irin tó di sípóòkù mú, tí mo gbàgbé láti yọ. Mo padà wọlé, mo kúnlẹ̀, mo sọ bó ṣe jẹ́ fún bàbá. Kò bá mi wí. Ó ní kí n ti òun lọ sí iwájú ulé, kí òun gba atẹ́gùn.

Láti ìgbà náà, ó ń tẹ bọ́tìnnì nígbàkigbà tí mo bá wà níbẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ bí èèyàn ti ń jẹ oúnjẹ tí kò wù ú kí ojú má ba à ti ẹni tó sè é. Nígbà ọyẹ́, eruku pọ̀ nínú yàrá, iyanrìn bíntín kan sì há ẹnu pọ́ìntì kẹrin. Ẹ́ńjìnnì kùn, mo rò pé pọ́ìntì ti pa dé, àmọ́ kò pa dé tán. Ọkọ̀ náà yẹ̀ lójú irin, ó já bọ́ sí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì.

Bàbá ní, “Ọwọ́ ìbá ti mọ̀.”

Mo ní kó ṣàlàyé fún mi. Ọjọ́ bíi mélòó kan ló fi sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹnu rẹ̀. Ó ní tí èèyàn bá fa pọ́ìntì, irin máa ń dáhùn. Tó bá pa dé dáadáa, ìdáhùn rẹ̀ á mọ sí ọrùn ọwọ́. Tí nǹkan bá há a lẹ́nu, á dé èjìká. Nígbà òjò kan lókè Ọya, ó fa pọ́ìntì, èjìká rẹ̀ sì sọ fún un pé kò dára. Ọkọ̀ tó kún fún èrò ń dúró, ọ̀gá ibùdókọ̀ ń bú u pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ó kọ̀, kò jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá. Ó rìn lọ wò ó nínú òjò, ó sì bá òkúta kan tó tó ẹyin adìyẹ lẹ́nu irin. Ó yọ ọ́, ọkọ̀ kọjá, àwọn èrò inú rẹ̀ ń sùn. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun nìkan ló mọ̀, òun àti ọwọ́ rẹ̀.

Mo ti ń kọ́ni ní físíìsì fún ọdún púpọ̀, n kò ronú kàn án rí pé ohun tí a fi ń ti nǹkan ni a tún fi ń gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan tí mo tètè ti ilé ìwé dé, mo bá ilẹ̀kùn yàrá náà ní ṣíṣí díẹ̀. Bàbá jókòó síwájú tábìlì. Ọkọ̀ náà kò tan. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lófuurufú, ó ń di nǹkan mú, ó ń fà á, ó ń sinmi, ó tún ń di òmíràn mú. Ó ka mẹ́fà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Nígbà tí mo wọlé, mo bi í léèrè ohun tí ó yẹ kí n ti bi í látilẹ̀wá, pé kí ni ó fẹ́ kí n ṣe.

Ó ní, “Gbẹ́ ẹ fún òsì.”

Mo ra igi ọmọ̀ lọ́dọ̀ káfíńtà. N kò mọ igi gbẹ́. Ọwọ́ àkọ́kọ́, mo ba igi mẹ́rin jẹ́ kí n tó rí i ṣe. Bàbá á dì í mú, á dijú, á fi pẹ́ńsùlù sàmì síbi tó ṣì pọ̀ jù, màá tún gbẹ́ ẹ. Nígbà tí a fi sípóòkù so ó mọ́ pọ́ìntì, ó fà á jẹ́jẹ́, ó dúró, ó ní ó dáhùn. Ó fi ẹ̀rín òsì rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìdajì ojú. A parí ìkejì lẹ́yìn Àjíǹde. A bẹ̀rẹ̀ ìkẹta.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, àìsàn náà tún padà. Mo wà ní kíláàsì ní Ìsẹ̀ nígbà tí ìyá mi pè mí. Kí n tó dé Ìkẹ́rẹ́, wọ́n ti da aṣọ bò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi wá láti òkè òkun, a sì sin ín. Ó dúró níwájú tábìlì náà, ó bi mí ìdí tí pọ́ìntì méjì fi ní ọwọ́ igi tí mẹ́rin sì ní ẹ́ńjìnnì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kò sẹ́ni tó wà nípò mi tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ láti tù mí nínú ni, kò sì wọ̀ mí lára. Nígbà tó lọ tán, mo bi ìyá mi bóyá bàbá sọ ọ́ rí pé òun ti dárí jì mí.

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó ní, “Kò sọ ọ́ fún mi. Ohun tí kò sọ, n kò lè bá a sọ ọ́.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò parọ́ fún mi. Mo jókòó tì í, a jọ ṣa ẹ̀wà náà tán.

Igi ọwọ́ kẹta ṣì wà lórí tábìlì. Mo ti gbẹ́ ẹ dé ìdajì, bàbá sì ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà síbi tó kù kí n gé. Ìlà náà wọ́, nítorí ọwọ́ òsì ni. Mo ti mú ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá gé e, ìlà náà á lọ, kò sì sí ẹni tí yóò di igi náà mú kó sọ fún mi bóyá ó ti tó.