Ọkọ Ìyàwó Tó Mọ Ijó Jó, Tí Kò Lè Dọ̀bálẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí níbi ìdána kan ní N'Gattakro, ní Bouaké níbí, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, mo mọ̀. Ẹ ṣáà rántí pé èmi ò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń ṣẹlẹ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ní àdúgbò Koko mọ iṣẹ́ mi. Eré òjìji ni èmi àti ọ̀gá mi, Bàbá Sálíù, ń ṣe. A ó gé awọ ní àwòrán èèyàn, a ó ta aṣọ funfun, iná á wà lẹ́yìn, òjìji èèyàn yẹn á wá máa rìn, á máa sọ̀rọ̀ lójú aṣọ. Àwọn kan rò pé eré ọmọdé ni. Ọmọdé kẹ̀? Awọ àgbò Iléyá la fi ń ṣe é. Àwọn obìnrin àdúgbò wa ló ń bá wa fá a, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí owó ọbẹ̀. Káfíńtà kan wà ní Broukro tó jẹ́ pé férémù wa ló fi ń bọ́ ọmọ. Àwọn ẹ̀yà Baoulé àti Dioula pàápàá ń pe àwa Anango, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí, síbi ìgbéyàwó wọn. Iṣẹ́ ń lọ, a dúpẹ́!

Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ tiwa gan-an ni aṣojú ọkọ. Nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Ghana, oníkálùkù fọ́n ká. Ọkọ á wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyàwó á wà ní Bouaké. Bàbá tó bí ọ̀gá mi ló wá dá a lábàá pé bí ọkọ ò bá lè wá, kí òjìji rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún àna. Bó ṣe wà títí dòní nìyẹn. Bí òjìji bá dọ̀bálẹ̀, tí bàbá ìyàwó ní kó dìde, ó ti fọmọ fún un. Bí kò bá wá dọ̀bálẹ̀ ńkọ́? Wọn ò ní gba ẹrù ìdána.

Ọkọ tọ̀tẹ̀ yìí, Múrí, wà ní Libreville ní Gabon, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ò fún un ní kọ́njé, ìyẹn ìsinmi. Èmi ni Bàbá Sálíù ní kí n dá gé aṣojú rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ mi sì nìyẹn. Inú mi dùn débi pé mo ṣàṣejù. Mo ní awọ ti di ti àtijọ́. Ike bídọ́ọ̀nù pupa, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń pọnmi, ni mo gé, kí ẹ̀wù Múrí lè máa tàn. Mo fi oríkèé sí apá, mo fi sí orúnkún, mo fi sí ọrùn, kó lè jó bí àwọn ọmọ Abidjan. Bàbá Sálíù bi mí pé ṣé gbogbo ara ló ń ṣiṣẹ́. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mi ò purọ́ o, mo rò pé ó pé ni.

Ọ̀sán la ṣe é. Wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé pálọ̀ Àlàájì, bàbá ìyàwó, kó lè ṣókùnkùn. Ooru yẹn! Sìdí, ìyàwó, jókòó ti bàbá rẹ̀, àbúrò Múrí sì gbé fóònù dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí ọkọ lè máa wò wá láti Libreville.

Òjìji Múrí wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Pálọ̀ hó yèè! Múrí ń pariwo nínú fóònù pé, "Ṣé èmi nìyẹn? Mi ò mọ̀ pé mo rẹwà tó báyìí!" Orí mi wú. Bàbá Sálíù wá fi ohùn ọkọ sọ pé òun wá kí àna òun.

Mo tẹ ọ̀pá tí mo fi ń darí rẹ̀ kó dọ̀bálẹ̀. Kò tẹ̀. Ẹ gbà mí! Mi ò fi oríkèé sí ìbàdí!

Mo dà á síwájú lódindi, ó nà gbọọrọ bí òkú tí wọ́n fẹ́ gbé sin. Tántí Rábí, àbúrò Àlàájì, figbe ta: "Ìdána ni àbí ìsìnkú?" Mo yára gbé e dìde. Ó tún burú sí i. Tántí ní, "Ó mọ ijó jó, kò mọ àna kí! Ṣé irin ló wà lẹ́yìn ọkọ yín ni?"

Àlàájì yíjú sí fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sìdí dorí kodò.

Bàbá Sálíù ò bá mi wí. Ó na ọ̀bẹ sí mi, ó sì gbóhùn sókè, ó ń fi oríkì ilé Àlàájì dá wọn dúró. Mo jókòó sílẹ̀, mo gé Múrí sí méjì níbàdí, mo fi òwú rán an pọ̀.

Nígbà tó padà sójú aṣọ, ó kúnlẹ̀, ó tẹ̀, ó sì dojú bolẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Háà! Àlàájì ní, "Dìde, ọmọ mi."

Kò dìde. Òwú ti lọ́ mọ́ ọ̀pá!

Àlàájì tún sọ ọ́. Kò dìde. Tántí Rábí yí ohùn padà: "Ẹ ò rí ọmọ tó ní ìtẹríba? Àdúrà ló ń retí!" Ni Àlàájì bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ọmọ, àlàáfíà, ẹ̀mí gígùn, a ń ṣe àmín kíkankíkan. Ìgbà tó yá, Bàbá Sálíù paná. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gba ẹrù.

Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé òwú lílọ́ ló yẹ kí wọ́n gbàdúrà fún? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ bá Àlàájì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Koko, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n tó bí mi lòun ti ń wo eré yìí, òun mọ òwú tó bá lọ́. Ó ní nígbà tí òjìji kọ̀ tí kò tẹ̀, òun wo inú fóònù, òun rí Múrí fúnra rẹ̀ tó ti dojú bolẹ̀ ní Libreville, tí kò dìde títí iná fi kú. Ó ní, "Òun ni mò ń ṣàdúrà fún."

Mo ní ṣé fóònù ti wá tó nìyẹn, kí la tún ń ṣeré òjìji fún?

Ó wò mí. "Àwa tá a sún mọ́ ọn nìkan la rí ti inú fóònù. Òjìji ni gbogbo ilé fi rí i." Ó wá na ìka sí igun ṣọ́ọ̀bù. "Awọ àgbò Iléyá mi nìyẹn. Máa gbé e lọ. Má tún gé ike wá bá mi mọ́!"

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: ohun tuntun dára, mi ò ní ṣíwọ́ ṣíṣe é. Ṣùgbọ́n kó o tó kọ́ ọ níjó, kọ́ ọ ní ìkíni. Múrí oníke ṣì wà lára ògiri wa, ó tẹ̀ síwájú, òwú rẹ̀ ò tíì tú. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti sọ di tuntun rí, tẹ́ ẹ wá rí i níwájú àna pé ẹ gbàgbé ìbàdí? Ẹ kọ ọ́ síbí. Ó ti tó kí èmi náà rí ẹni tí màá fi rẹ́rìn-ín!