Ìyàwó Ọmọ Mi Sáré Nínú Ọ̀fọ̀

Ọmọ ilẹ̀ Swídìn ni ìyàwó tí ọmọ mi fẹ́ ní Houston níbí, eré ẹlẹ́mìí ẹṣin sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi, mo ní, "Eré sísá? Iṣẹ́ nìyẹn?" Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Eré náà ló gbé ìyàwó dé Amẹ́ríkà. Yunifásítì kan rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ wọn, wọ́n ní kó wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti sáré fún orílẹ̀-èdè wọn rí, ó sì ń wá bí yóò ṣe tún sáré fún wọn. Enjiníà ni ọmọ mi, Energy Corridor, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ epo, ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, á ti gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ lọ́nà, omi lọ́wọ́.

Àìsàn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló mú ọmọ mi lọ. Àwọn àgbà ìjọ wa (orúkọ gbogbo wọn wà lẹ́nu mi, mi ò kàn ní kọ ọ́ síwèé ni) wọ ìyàwó náà láṣọ dúdú, wọ́n ní kò gbọdọ̀ jáde títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Kò janpata. Ó ní àṣà ọkọ òun ni. Àárín ogójì ọjọ́ náà sì ni eré ìje Houston bọ́ sí. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń lọ. Àwọn aláṣẹ eré ìdárayá ilẹ̀ wọn ti sọ fún un pé tí kò bá yára tó lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ò ní mú un mọ́. Mo máa ń rí i lójú fèrèsé, tí àwọn tó ń sáré ń kọjá ní àdúgbò wa ní Sugar Land, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè sódò lábẹ́ kaba dúdú.

Mo bá Ìyá Ìjọ sọ ọ́. Ó pàtẹ́wọ́. "Màmá, opó ń sáré kẹ̀? Ta ló ń lé e?"

"Ọkọ rẹ̀ ni. Ìgbà tó wà láyé, kẹ̀kẹ́ ló fi ń lé e."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. "Kí làwọn èèyàn máa wí?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá wí i fún mi. Èmi ni mo bí òkú."

Lọ́dọ̀ wa, ìyá kì í wọ aṣọ ọ̀fọ̀ ọmọ. Wọn ò jẹ́ kí n dé ibojì rẹ̀. Wọ́n ní kí n má sunkún, pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ mí. Tèmi ò láṣọ, kò sì lọ́jọ́ tí wọ́n á bọ́ ọ. Mo ní kí ẹnì kan nínú àwa méjèèjì ṣáà rí i bọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ eré, mo fọwọ́ ara mi bọ́ kaba náà lọ́rùn rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ò bínú?"

"Lọ sáré, ọmọ mi."

Ó sá a parí. Kò yára tó. Wọ́n ní ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló fi pẹ́ jù. Nínú mọ́tò, bí wọ́n ṣe ń gbé wa lọ sílé, ó ní, "Ó ti parí, Mọ́mì," ló bá bú sẹ́kún, obìnrin tí kò tíì sunkún láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Eré ló kọ́kọ́ ń sunkún. Ká tó délé, orúkọ ọkọ rẹ̀ ló ń pè. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má sunkún. Mo bá a sun ún.